Prime95: kò tíì purọ́ fún mi rí, àmọ́ ó gba sùúrù

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to kọ̀ǹpútà, kí n sì máa tún un ṣe, ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Kò sí èyí tó máa kúrò lórí tábìlì mi tí Prime95, software tó ń fi ìṣirò líle dán kọ̀ǹpútà wò, kò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì tóbi: ẹ tú u sínú fódà, ẹ tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá kọ́kọ́ ṣí, á bi yín bóyá ẹ fẹ́ dara pọ̀ mọ́ GIMPS, ìyẹn àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wọn wá prime number ńláńlá (nọ́ńbà tí kò ṣe é pín àfi fún 1 àti ara rẹ̀) láti ọdún 1996. "Just Stress Testing" ni kí ẹ tẹ̀. Ìṣirò àwọn èèyàn yẹn lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, àṣìṣe kan ṣoṣo sì lè sọ gbogbo rẹ̀ dòfo. Ìdí nìyẹn tí George Woltman tó kọ ọ́ fi jẹ́ kó le koko mọ́ processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà.

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ oní-core mẹ́jọ wá, ìyẹn ni pé apá mẹ́jọ tó lè dá ṣiṣẹ́ ló wà nínú processor rẹ̀. Bó bá ti ń render, ìyẹn bó bá ń sọ fídíò tó ti gé di odidi fáìlì, á dé ìdajì, á kú fin, á tún tan ara ẹ̀. Mo ṣí Prime95, mo mú ìdánwò rẹ̀ tó ń jẹ́ Blend, torí pé ó ń yẹ processor àti RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) wò pa pọ̀. Fèrèsé mẹ́jọ ló yọ, ọ̀kan fún core kan, Worker ló ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí Worker 6 fi dúró. Àwọn méje yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ohun tó wà lójú fèrèsé kẹfà ni: "FATAL ERROR: Rounding was 0.5, expected less than 0.4."

"Àǹtí, software yẹn ló bàjẹ́ o. Ẹ bá mi wá òmíràn, Sátidé ni wọ́n ń retí fídíò yìí lọ́wọ́ mi."

Kò bàjẹ́. Ìṣirò onídẹ́símà ni Prime95 ń ṣe, ṣùgbọ́n odidi nọ́ńbà ló yẹ kí èsì rẹ̀ jẹ́. Bó bá rí 7.02, ó mọ̀ pé 7 ni. Bó bá wá rí 7.5 ńkọ́? Ṣé 7 ni àbí 8? Kò sẹ́ni tó lè sọ, ló bá dúró. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní January 2016: àwọn tó ń lò ó rí i pé kọ̀ǹpútà tó ní processor Skylake ti Intel máa ń gan bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí nọ́ńbà 14,942,209. Intel fúnra wọn ló gbà pé inú processor ni àbùkù wà, BIOS tuntun (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó ṣí) ni wọ́n sì fi tún un ṣe.

Ooru ni mo kọ́kọ́ wò. HWiNFO, software tó ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó, ń sọ 96°C. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbọn eruku fáànù dànù, mo pààrọ̀ thermal paste tó ń gbé ooru kúrò lórí processor, ó wálẹ̀ sí 79, síbẹ̀ Worker 6 tún dúró. Mo fi MemTest86 yẹ RAM wò mọ́jú, kò rí àṣìṣe kankan. Mo wá mú Small FFTs, ìdánwò Prime95 mìíràn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan RAM, ó tún kú síbi kan náà. Processor ni mo dojú kọ wàyí.

Ibí ni Prime95 ti dá mi lágara. Kò sọ fún ẹ core wo gan-an. Mo gbé CoreCycler wá, software mìíràn tó máa ń fi Prime95 dán core wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé core tó bá dá ṣiṣẹ́ ló máa ń sáré jù, ibẹ̀ sì ni àìlera rẹ̀ ti ń hàn. Odindi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi ń dààmú Core 6, kò ṣe nǹkan kan. Àṣé ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kà á: láti 1 ni Prime95 ti ń ka worker, láti 0 ni CoreCycler ti ń ka core. Core 5 ni Worker 6! Mo dán an wò, kò lo ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi ṣubú.

Nínú BIOS, ẹni tó ti ní kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀ ti dín voltage (agbára iná) gbogbo core kù, -30 ló wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méje gbà á mọ́ra, Core 5 ò lè gbà á. Mo dá a padà sí 0, mo sì tún fi Prime95 dán an wò. Iná lọ ní aago méjì òru, inverter mi ò lè gbé e, mo tún un bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀: wákàtí mọ́kànlá, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró ṣinṣin.

Ọjọ́ Friday ni ọmọkùnrin náà wá render fídíò rẹ̀ níwájú mi, ó sì parí. Mo fún Prime95 ní 9 nínú 10. Ọ̀kan tí mo yọ, torí ìrọ̀lẹ́ tí mo fi ń wá Core 6 ni.