Bírésì orúnkún tí mo rà fún màmá mi ní Pánṣẹ́kẹ́

Àdìrẹ ni màmá mi ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, àtàárọ̀ ni wọ́n ń dúró, orúnkún wá ń dà wọ́n láàmú, ni mo bá ra bírésì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń wọ̀ sí orúnkún láti gbé e ró, èyí tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, fún wọn. Ẹni tó tà á ò wọn ẹsẹ̀ wọn rárá, ojú ló fi díwọ̀n, ó wá fún wọn jù, ká tó wí ká tó fọ̀, ìka ẹsẹ̀ wọn ti kú, wọn ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ó dùn mí gan-an! A padà lọ, wọ́n wá fi téèpù wọn orúnkún àti itan kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀. Èyí bá wọn mu dáadáa, wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn láì di ògiri mú. Ooru ẹ̀ ṣáá pọ̀, abẹ́ ẹ̀ máa ń rin fún òógùn.