Ìkìlọ̀: Rédíétọ̀ tòkunbọ̀ tí kò jò, tí omi ò sì ráyè gbà nínú rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Hilux àtijọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fi ń kó ẹrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó lọ ra rédíétọ̀ tòkunbọ̀, ìyẹn ibi tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ti máa ń tú ooru rẹ̀ dànù. ₦85,000 ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò tíì ka àdánù ẹrù mọ́ ọn. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tó tà á fún mi kò pa irọ́ kankan tí mo lè fi dì í mú.

Ọkọ̀ mi, ti 1998 ni, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Iṣu ni mo fi ń kó láti Ìṣẹ́yìn wá sí Ìbàdàn, mo máa ń gba ọ̀nà Ìjàyè já sí Mọ́níyà. Nígbà tí rédíétọ̀ tó bá a wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mẹ́káníìkì mi ní kí n wá tòkunbọ̀ oníbàbà, kí n má lọ ra èyí tí wọ́n fi ike ṣe orí àti ìdí rẹ̀. Mo dé ọjà, ọmọkùnrin kan fà mí wọ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n, Belgium gidi nìyí. Ẹ wò ó." Ó dúdú, ó ń dán. Ó fi rọ́bà dí ẹnu ìsàlẹ̀, ó ki afẹ́fẹ́ sí i láti ẹnu òkè, ó rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi. A jọ dúró, a ń wò ó. Atẹ́gùn kankan kò yọ sójú omi.

"Ṣé ẹ rí i fúnra yín? Kò jò."

Òótọ́ ni. Kò jò. Títí di òní, kò tíì jò.

Ìrìn àkọ́kọ́ tí mo fi kẹ́rù, mi ò tíì dé Ìjàyè tí ọwọ́ gééjì ìgbóná fi gun òkè lọ bá H. Mo páàkì, mo pa ọkọ̀, mo jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí kan kí n tó fọwọ́ kan ìdérí, torí mo mọ ẹnì kan tí omi rédíétọ̀ bó láyà. Mo bu omi kún un, mo tún gbéra. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró kí n tó dé Mọ́níyà. Ilẹ̀ ti ṣú, àwọn oníbàárà mi ti lọ, iye tí wọ́n dá lé iṣu láàárọ̀ ọjọ́ kejì kò tó iye tí mo rà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá ohun tó ń ṣe é. Ta ni yóò fura sí rédíétọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà? A yọ tẹmosítáàtì, ìyẹn ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún omi láti lọ sínú rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó, a sè é nínú ìkòkò lórí sítóòfù. Wọ́n kọ 82 sí i lára, ìwọ̀n ìgbóná tó yẹ kó ti ṣí nìyẹn. Nígbà tí omi gbóná dé bẹ́ẹ̀, ó ṣí bó ṣe yẹ. (Ọmọ iṣẹ́ kan ní ká kúkú jù ú nù, pé ìlú wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó máa ń mu epo, ó sì tètè máa ń jẹ ara rẹ̀.) A pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀, a fi èyí tí wọ́n kọ 0.9 sí lórí, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá tó lè dì mú. Wọ́n ní tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ló jó, àyà mi já torí mo mọ iye tíyẹn máa ná mi. Ṣùgbọ́n òróró ẹ́ńjìnnì mọ́, kò dà bíi tíì oníwàrà, èéfín funfun ò jáde, omi rédíétọ̀ ò sì máa hó kùtù kùtù nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì rẹ̀.

Àgbà mẹ́káníìkì kan ló bi mí ní ìbéèrè tó yanjú ọ̀rọ̀ náà: "Nínú gọ́ọ̀síló ló ti ń gbóná ni, àbí lórí eré?" Mo ní lórí eré ni, pàápàá tí mo bá kẹ́rù gun òkè. Tó bá dúró sójú kan, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ inú gọ́ọ̀síló ló ti ń gbóná, fáànù lòun ì bá wò. Èyí tó ń gbóná lórí eré, omi ni kò ráyè kọjá. Ó sítáàtì ọkọ̀ títí ó fi gbóná dáadáa, ó pa á, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rédíétọ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Àárín gbóná bí ààrò. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tutù láti òkè délẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jó orí rẹ̀ kúrò, mo rí i. Rédíétọ̀ àwọn ọkọ̀ wa yìí ní àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀kan bá lu láàárín, ọwọ́ kì í tó ibẹ̀, nítorí náà wọ́n á kán òjé sí i lẹ́nu lókè àti nísàlẹ̀. Omi ò ní gba ibẹ̀ mọ́, kò sì ní jò. Bó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, kò burú, oníṣẹ́ gidi á sì sọ fún ọ. Nínú tèmi, 19 ni mo kà, ó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Dúrọ́ọ̀mù omi yẹn ò lè tú àṣírí rẹ̀ láé. Bí wọ́n bá ṣe dí i tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yege tó.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹnu ìdérí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e, torí àwọn ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ ẹnu tèmi mọ́ tónítóní, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n dí. Omi ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ìsàlẹ̀, ẹ rọ omi kún un dé ọrùn, kí ẹ wá ṣí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ ya wàà bí ìgbà tí a bá da korobá nù. Bó bá ń ṣe ṣòòrò bí ẹ̀rọ omi tí iná rẹ̀ ò tó, ẹ gbé e padà fún un. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha ọ̀dà ní ibi tí orí àti ara rẹ̀ ti pàdé. Bí òjé tuntun bá ń tàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ṣí i. Bó bá ní kí ẹ má da omi sí ọjà òun, ẹ máa lọ.

Mo padà lọ bá a. Kò tilẹ̀ bínú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó jò? Ojú yín kọ́ ni mo ṣe dán an wò?" Ó tọ́ka sí rìsíìtì: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti dán an wò, pé ọjà tí wọ́n bá tà, wọn kì í gbà á padà. Ó fẹ́ fún mi ní òmíràn tí n bá fi ₦30,000 lé e. Dúdú ni òun náà, ó ń dán.

Kúláǹtì aláwọ̀ ewé, oògùn tí a ń dà mọ́ omi rédíétọ̀, tí ọmọkùnrin náà fi lé ọjà fún mi ń kọ́? Mo bu díẹ̀ sínú ìgò, mo dé e pa, mo fi sínú fìrísà tí a kò fi nǹkan jíjẹ sí, torí ojúlówó rẹ̀ májèlé ni, adùn rẹ̀ sì lè tan ọmọdé. Èyí tó bá pé kì í di yìnyín nínú fìrísà ilé. Èyí tí ọmọkùnrin náà fún mi dì gan-an bíi píọ̀ wọ́tà kó tó di àárọ̀.

Rédíétọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn ilé mi pẹ̀lú orí rẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Mọ́níyà tó fẹ́ rí bí òjé ṣe máa ń rí lẹ́nu ọ̀pá kó tó lọ ná owó rẹ̀, kó sọ fún mi, màá gbé e jáde.