Áàpù tó ń ka kìlómítà ojú ọ̀run, ẹ̀yin ará Ìkòròdú ẹ gbọ́ o

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo áàpù kan báyìí, orúkọ ìlú méjì lẹ máa tẹ̀ síbẹ̀, á sọ iye kìlómítà tó wà láàárín wọn lójú òfuurufú àti iye wákàtí tí báàlù máa lò. Ọ̀fẹ́ ni, kì í jẹ dátà, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ó ṣe mí léṣe lẹ́ẹ̀kan torí mi ò mọ ohun tó ń kà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ l'Ábújá, èmi ni mo máa mú màmá wa lọ. Mo tẹ Èkó, mo tẹ Àbújá, ó ní bíi 510 kìlómítà, bíi wákàtí kan. Mo kà á fún màmá, inú wọn dùn, wọ́n ní a jẹ́ pé a máa bá wọn jẹun ọ̀sán. Báàlù aago 9 ni, a kúrò n'Ígbógbó ní aago 6, mo rò pé ó ti pọ̀jù. Ká tó kúrò ní Mile 12 ilẹ̀ ti mọ́ kedere, Kẹ́tù tún le ju ìyẹn lọ, nígbà tá a fi máa wọ Ìkejà wọ́n ti ti kántà. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òrí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá fún ọmọ tuntun ti ń yọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan sí mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Owó la tún san ká tó rí ti ọ̀sán wọ̀.

Nígbà tá a wá wọ̀ ọ́ mo wo aago. Aago 2 kọjá ogún ìṣẹ́jú ni táyà kúrò nílẹ̀, aago 3 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló balẹ̀. Áàpù ò parọ́ rárá! Òfuurufú nìkan ló ń kà, láti éápọ̀ọ́tù dé éápọ̀ọ́tù. Báàlù ńlá lè sá bíi 850 kìlómítà ní wákàtí kan tó bá ti dé òkè, ṣùgbọ́n gígun òkè àti sísọ̀kalẹ̀ máa ń gba àsìkò, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà kúkúrú bíi t'Ábújá ò fi yá tó bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀.

Ibi tó ti dára jù ni ti aago ìlú òkèèrè. Lọ́ńdọ̀nù ń lọ sí 5,000 kìlómítà, bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀, ó sì mọ̀ pé nígbà ooru tiwọn aago wa ò yàtọ̀, tí òtútù bá dé wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa torí àwa kì í yí aago. Ti New York ló kù díẹ̀ káàtó, iye wákàtí kan náà ló kọ fún àlọ àti àbọ̀, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn òkè láti ìwọ̀-oòrùn ló ń fẹ́, àbọ̀ máa ń yá ju àlọ lọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè kan síbẹ̀ tá a lè kọ àdúgbò tá a ti ń bọ̀, kó máa ka ọ̀nà éápọ̀ọ́tù mọ́ ọn.