Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú mẹ́mọ́rì káàdì tó wà níta ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, àti ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tẹ́ ẹ máa ń ra nǹkan fóònù ní Under G àti Tákíè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Wọ́n ń ta mẹ́mọ́rì káàdì kan tí wọ́n kọ 256GB sára ẹ̀, tí ohun tó wà nínú ẹ̀ kò sì ju 8GB lọ. Mo rà á. Ká ní owó nìkan ló bá a lọ ni, mi ò bá tí kọ èyí.

Bàbá mi ṣòwò ní Jos fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà yẹn ṣe máa ń gba òkè Ọya lọ. Màmá mi wà nílé níbí. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà, ọdún 2001 ni GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Màmá mi kò mọ̀wé kà, kò sì fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíì máa ka ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀ sí i létí. Kásẹ́ẹ̀tì ni bàbá mi wá fi ń ránṣẹ́. Á jókòó ti rédíò lálẹ́, á máa bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ bíi pé ó wà níwájú ẹ̀, á wá fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ nílé. Ẹ ó gbọ́ tó ń wúkọ́, ẹ ó gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ó gbọ́ tó ń béèrè bóyá wọ́n ti san owó ilé ìwé bọ̀dá mi. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlélógún, oníwákàtí kọ̀ọ̀kan. Bàbá ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni màmá mi ń gbọ́ ní ọjọ́ Sunday lẹ́yìn tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Nígbà tó yá, rédíò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù. Mo ki báírò bọ ojú ihò kásẹ́ẹ̀tì, mo ń yí i padà díẹ̀díẹ̀, màmá mi dúró tì mí, kò sọ̀rọ̀ rárá títí mo fi ká gbogbo ẹ̀ wọlé. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé a ó kó gbogbo ohùn yẹn sórí káàdì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá mi ṣe é. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú iṣẹ́ yẹn: kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan, wákàtí kan gbáko náà ni yóò fi dún jáde kó tó wọlé sínú kọ̀ǹpútà. Ó fi wọ́n pa mọ́ ní irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní WAV kí ohùn má baà dín kù, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 600MB, gbogbo ẹ̀ sì tó nǹkan bí 14GB. Kí àyè má baà há ni mo ṣe lọ ra 256GB. ₦7,000 ni ontajà kan tà á fún mi. Ó yẹ kí iye yẹn ti ta mí lólobó, torí ibòmíì tí mo ti béèrè, wọ́n pè é ju ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ lọ.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lójú yín." Bó ṣe sọ nìyẹn. Ó fi ẹnu ja ọ̀rá ara ẹ̀, ó ki káàdì bọ fóònù, fóònù sì gbé 256GB jáde gbangba. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sanwó.

Ibi tí ẹ̀tàn yẹn wà gan-an nìyẹn. Nǹkan kékeré kan wà nínú káàdì tó máa ń sọ fún fóònù bí káàdì ṣe tóbi tó. Òun ni àwọn oníjìbìtì ń tún ṣe kó lè máa parọ́. Bí 8GB bá ti kún, káàdì yẹn kò ní kọ̀. Á máa gbà á lọ, á kọ orúkọ fáìlì sílẹ̀, á kọ bó ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Kásẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ máa ń kìlọ̀ fún èèyàn: bó bá dé òpin, bọ́tìnnì á ta sókè, "kà!", wàá mọ̀ pé àyè ti tán. Èyí kò sọ nǹkan kan fún wa. Ó lé lóṣù méjì kí màmá mi tó gbọ́ débẹ̀. Méjìlá àkọ́kọ́ dún dáadáa. Ẹ̀kẹtàlá dún dé ìbẹ̀rẹ̀ ojú kejì, ọ̀rọ̀ sì gé mọ́ bàbá mi lẹ́nu. Mẹ́wàá tó kù kò ṣí rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sì ti pa tiẹ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kó lè ráyè fún iṣẹ́ ẹlòmíì. Mi ò bá a wí, èmi ni mo sọ fún un pé ó ti dé ọwọ́ mi.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó ní àwọn kì í gba ọjà padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo bá níbẹ̀ mú irú káàdì yẹn gan-an lọ́wọ́, iṣẹ́ àṣejáde ẹ̀ ló wà nínú tiẹ̀. Mi ò ní kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù síbí, torí ọjà yìí ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọjà náà ni kẹ́ ẹ dá mọ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bá ontajà ṣàdéhùn pé ẹ ó dá a padà lọ́la bí kò bá pé, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá yarí lórí ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ kó fídíò ńláńlá sínú ẹ̀ títí yóò fi kún, kẹ́ ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ tún kì í bọ fóònù, kẹ́ ẹ wá ṣí èyí tó kọ́kọ́ wọlé, àwọn tó wà láàárín àti èyí tó wọlé gbẹ̀yìn. Bí gbogbo wọn bá ṣí, tí wọ́n sì dún dé òpin, ó pé nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà Windows, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ H2testw máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó máa ń gba wákàtí mélòó kan. Ẹ má sì bá ontajà jà bí Windows bá ní nǹkan bí 238 ló wà nínú 256GB. Bí Windows ṣe ń kà á nìyẹn, ojúlówó náà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá kọ "a kì í gba ọjà padà" sára ògiri, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ọdún 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà, ẹ sì lè mú ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Páálí àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà, àmọ́ òjò ti pa á lẹ́yìnkùlé níbi tí mo gbé e sí, nígbà tí mo rò pé a ò nílò ẹ̀ mọ́. A ti rí mẹ́jọ gbà sílẹ̀ padà nínú mọ́kànlá. Mẹ́ta ti hu funfun lára téèpù, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kì í bọ rédíò. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn ni èyí tí bàbá mi fi ránṣẹ́ fún ìsọmọlórúkọ mi, nígbà tí kò lè délé kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Ó dárúkọ mi nínú ẹ̀, ó sì kì mí.

Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nu téèpù tó ti hu báyìí, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Màmá mi ṣì ń béèrè lọ́jọ́ Sunday.