Tombstone tàbí Bisbee? Mo ti dé méjèèjì

Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní láti lò ní gúúsù Arizona, ní Amẹ́ríkà, Bisbee ni kí ẹ forí lé. Mo mọ̀ pé orúkọ Tombstone ló ń dún jù létí aráyé, òun gan-an ló sì gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé apá ibẹ̀. Àmọ́ nǹkan bíi kìlómítà 40 ló wà láàárín ìlú méjèèjì, la bá kúkú sùn ní Tombstone lálẹ́ ọjọ́ kan, a sùn ní Bisbee lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Fàdákà ló tẹ Tombstone dó. Nígbà tí Ed Schieffelin ń wá kùsà kiri inú aṣálẹ̀ yẹn lọ́dún 1877, wọ́n sọ fún un pé òkúta kan ṣoṣo tó máa rí níbẹ̀ ni òkúta orí sàréè ara rẹ̀. Ó rí fàdákà, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sọ ibẹ̀ lórúkọ, torí òkúta orí sàréè ni Tombstone túmọ̀ sí. Ìtàn yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ àwọn awakùsà la máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìjà ìbọn la bá. Ní òpópónà Allen, níbi tí mọ́tò kì í gbà, tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń gbé àlejò kiri, àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú gbọọrọ ń pe èèyàn kó wá wo eré ìjà ìbọn October 26, 1881, láàárín àwọn agbófinró àti àwọn darandaran, èyí tí wọ́n fi orúkọ ọgbà ẹṣin kan, O.K. Corral, pè. Ìjà náà fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Ẹni mẹ́ta ló kú, kì í sì í ṣe inú ọgbà ẹṣin yẹn ló ti wáyé, ilẹ̀ tóóró kan nítòsí rẹ̀ ni. Ìran tí àwa sanwó fún pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, oòrùn pa wá, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ wá.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọ̀rọ̀ àwọn tó gbẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe ń wa ihò lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n kan omi. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá wá láti máa fà á síta, iná wá jó ẹ̀rọ náà lọ́dún 1886, owó fàdákà náà sì ń já wálẹ̀, làwọn èèyàn bá ń kó lọ. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1882 nìkan ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ihò ìwakùsà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń mú àlejò wọ̀, àmọ́ a ò ráyè débẹ̀, n ò sì lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe jáde nínú ihò ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè, Bisbee yọ sí wa, ilé lórí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Bàbà ni tiwọn. Wọ́n jáwọ́ nínú wíwa kùsà nínú ihò Copper Queen lọ́dún 1975, wọ́n ṣí i fún àlejò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fún wa ní akoto àti iná orí, a la ẹsẹ̀ jókòó sórí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kejì, ó sì wọ́ wa wọnú òkè. Oòrùn ń ràn níta o, àmọ́ inú ihò kò ju bíi digirì 8 lọ. Ẹ mú súẹ́tà dání.

Nínú lọ́hùn-ún, ẹni tó ń mú wa kiri tanná sára àpáta kan tí wọ́n ti lu ihò tóóró tóóró sí. Inú àwọn ihò yẹn ni wọ́n máa ń ki dáínámáìtì sí. Ó fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ti àárín ló máa kọ́kọ́ bú, kí àyè lè ṣí sílẹ̀, kí tàwọn tó yí i ká lè rí ibi wó sí, ti ìsàlẹ̀ pátápátá á wá kẹ́yìn. Bí wọn ò bá tò ó dáadáa, àpáta ò ní fọ́ bó ṣe yẹ. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú ihò yẹn, ó tutù, etí rẹ̀ ń dán. Títí di òní mo ṣì ń rò ó.

A tún dúró lẹ́bàá ọ̀nà wo Lavender Pit, kòtò gbàǹgbà tó jìn tó nǹkan bíi mítà 270. Lẹ́yìn náà la lọ wo pápá bọ́ọ̀lù Warren. Ní July 12, 1917, nígbà tí àwọn awakùsà ń yanṣẹ́ lódì, ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin tó gbé ìbọn kó wọn jọ sí. Wọ́n ti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn sínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ń kó màlúù, wọ́n sì lọ já wọn sí aṣálẹ̀ New Mexico. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Àbùkù Bisbee ni àtẹ̀gùn. Ilé tí a gbà sùn wà lókè fíofío, ẹni tó gbà á fún wa kò sì sọ ọ́ ṣáájú. Orúnkún ń dun ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo ru ẹrù àwa méjèèjì. Ẹ béèrè iye àtẹ̀gùn kí ẹ tó sanwó, pàápàá bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín. Ilẹ̀ Tombstone tẹ́jú ní tiẹ̀, ìrìn ibẹ̀ rọrùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní bí àwọn bá máa kó àwọn ọmọ wá, Tombstone làwọn máa mú wọn lọ, torí ẹṣin àti ìró ìbọn. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Àmọ́ ní tèmi, inú ihò yẹn ni mo fẹ́ padà sí.