Inis Mór tàbí Skellig Michael?

Erékùṣù méjì ní ìwọ̀ oòrùn Ireland nìwọ̀nyí; èwo ni kí ẹ lọ? Ẹni tó bá kó ọmọ dání, Inis Mór ni kó lọ. Ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Rossaveel ń gbà tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ẹ lè yá kẹ̀kẹ́ ní èbúté erékùṣù náà, kí ẹ gùn ún lọ wo Dún Aonghasa, odi òkúta àtijọ́ tó wà létí bèbè òkun gan-an. (Ẹ di ọmọ yín mú o!)

Skellig Michael kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Àtẹ̀gùn òkúta tó lé ní 600 lẹ máa gùn dé ilé àwọn mọ́ńkì Kristẹni ayé àtijọ́. Ìgbà ooru nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, bí ìgbì bá sì le, ọkọ̀ ò ní lọ. Síbẹ̀, èyí wù mí jù, pàápàá ní oṣù Kẹfà tí àwọn ẹyẹ puffin ṣì wà. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì.