Mo lọ kíláàsì òwò ọjọ́ Sátidé ní Iléṣà: ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìmọ̀ òwò tí mo lọ, tí kò jìnnà sí Ọjà Àtàkúnmọ́sà, èsì mi rèé. Bí ẹ bá ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí owó ń wọlé ṣùgbọ́n tí ẹ ò mọ ibi tó ń gbà jáde, ẹ lọ. Bó bá jẹ́ torí iṣẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n ní àwọn máa bá yín wá ni, ẹ ní sùúrù, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ohun tí mo fẹ́ ráhùn lé lórí.

Télọ̀ ni mí. Aṣọ iléèwé àti aṣọ ẹbí ni mò ń rán jù. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ lọ. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ ló ń wá.

Bàbá tó kọ́ wa ní ìṣirò owó ti ṣiṣẹ́ báǹkì rí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò lo kọ̀ǹpútà, ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ni wọ́n ń lò, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ́ wa. Wọ́n ní kí n dìde, kí n sọ iye tí mò ń gbà lórí aṣọ kan. Mo ní ₦5,000. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

“Òwú, síìpù, gọ́ọ̀mù, epo jẹnẹrétọ̀, èló ni gbogbo ẹ̀?”

A ṣírò ẹ̀ títí, ó di ₦2,000. Ó ku ₦3,000. Wọ́n tún bèèrè owó ṣọ́ọ̀bù, owó iná àti owó oúnjẹ àwọn ọmọọṣẹ́ lóṣù. Mo ní kò ju ₦60,000 lọ. Wọ́n fi ₦3,000 pín in, ó jẹ́ aṣọ 20.

“Àǹtí, aṣọ 20 yìí lẹ máa kọ́kọ́ rán lóṣù, tí kọ́bọ̀ kan ò ní kàn yín níbẹ̀.”

Ọkàn mi balẹ̀, torí mò ń rán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi bí wọ́n ṣe tún yíjú sí mi: “Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ti máṣíìnì látàárọ̀ ńkọ́? Ta ló ń san owó oṣù yín?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ₦60,000 kún un fún èmi fúnra mi, aṣọ 20 di 40. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Yàtọ̀ sí ìgbà tí iléèwé bá fẹ́ wọlé àti oṣù Disẹ́ńbà, mi ò lè rán 40. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo fowó lé iṣẹ́ mi. Àwọn oníbàárà kan bínú, àwọn kan lọ, àwọn tó pọ̀ jù dúró.

Ẹ̀kọ́ ẹ̀dínwó náà wúlò fún àwọn tó ń tajà. Ẹ ra ọjà ní ₦1,000, ẹ fi ìdá 20 nínú 100 lé e, ẹ ń tà á ní ₦1,200. Oníbàárà wá ní kí ẹ yọ ìdá 20 náà fún òun. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ojú owó la máa padà sí. Rárá o. Ìdá 20 nínú ₦1,200 jẹ́ ₦240, ₦960 ló máa kù, ẹ ti pàdánù ₦40 nínú owó tí ẹ fi ra ọjà. Obìnrin kan tó ń ta bàtà pariwo “Yéè!”, mo sì mọ ìdí ẹ̀.

Ibi tí mo gbádùn jù ni ọ̀rọ̀ gbèsè. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la wà, ta ló fẹ́ kọ́ wa ní àwìn? Àwọn Òṣómàáló ti gbé aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà àwọn bàbá wa, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gbowó wọn. Bàbá yìí ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní kí á wo ohun tó mú òwò yẹn dúró: ẹni tó tajà mọ ilé ẹni tó jẹ ẹ́, ọjọ́ owó ti wà nílẹ̀ kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́, ó sì máa ń yọjú lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí kálukú fa ìlà sínú ìwé: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye, ọjọ́ tó dá, iye tó ti san. Èmi fi tèmi kún un: mi ò fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ ẹnikẹ́ni kí ìdajì owó tó wọlé, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Kíláàsì ìpolówó ọjà ò dáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe é ń sọ ìtàn àwọn olówó òkè òkun, nígbà tó yá ó ní ká wá sanwó wọ ẹgbẹ́ tòun lórí WhatsApp. Ohun kan ṣoṣo tí mo mú níbẹ̀ ni pé kí á máa gbé aṣọ sẹ́nu ọ̀nà ya fọ́tò, kí á má tan iná fóònù sí i.

Lórí ìforúkọsílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, wọ́n ṣàlàyé dáadáa. Orúkọ òwò lásán ò yà yín sọ́tọ̀ kúrò lára òwò yín: bí òwò bá jẹ gbèsè, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Kọ́ńpìnnì tó ní “Ltd” yàtọ̀, òun ló ni gbèsè ara rẹ̀. Láti ìgbà tí òfin kọ́ńpìnnì tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti ọdún 2020, ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kò di dandan kó pé méjì mọ́. Fún ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi, orúkọ òwò ti tó ná.

Ó wá kan ti àbúrò mi. Ẹ̀kọ́ Excel tó tìtorí ẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà ò kárí, èèyàn mẹ́ta ló ń pín ọ̀kan. Bí wọ́n bá múná lọ, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. CV tí wọ́n bá a kọ, ti ẹni tó jókòó ti ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà, ó ṣì kù síbì kan pé ọkùnrin ni. Ó gbádùn ibi tí wọ́n ti ń ṣe bí ẹni ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, torí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ iye owó oṣù tó ń fẹ́, wọn ò sì jẹ́ kó dáhùn pé “èyíkéyìí tí ẹ bá fún mi.” Iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí ò tíì dé.

₦35,000 la san lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí a parí ni wọ́n tó sọ pé owó ìwé ẹ̀rí dá wà lọ́tọ̀. Èmi ò san án, oníbàárà kankan ò bi mí ní ìwé ẹ̀rí rí. Àbúrò mi san án, inú mi ò dùn.

Ẹni tó bá ní dátà tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè wo HP LIFE, ẹ̀kọ́ òwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti HP Foundation. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní ẹ̀kọ́ lórí owó, títà àti ètò òwò, wọ́n sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí bí èèyàn bá parí. Ibẹ̀ ni àbúrò mi wà báyìí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ dìde níbẹ̀ kó bi yín léèrè owó síìpù.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ ti Iléṣà, ẹ bèèrè owó ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ tí ẹ bá gba fọ́ọ̀mù. Kí ẹ sì bèèrè bóyá bàbá oníbáǹkì yẹn ṣì ń kọ́ni. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ di owó yín mú.